Apá, Ìrù àti Ẹ́ńjìnnì: Ìbéèrè Tó Wọ́pọ̀ Lórí Dígírì Bàálù Onírìmóòtù

Àwọn tó ń kan bàálù kékeré máa ń bi mí ní ìbéèrè kan náà lóríṣiríṣi ọ̀nà, pé dígírì mélòó ni kí apá, ìrù àti ẹ́ńjìnnì tẹ̀ sí, nítorí náà mo kó wọn jọ síbí. Àpẹẹrẹ tí mo máa lò jù ni Piper J-3 Cub, bàálù aláwọ̀ ìyeyè tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà láti 1938 sí 1947. Apá rẹ̀ gùn tó mítà 10.74 láti ṣóńṣó kan dé ìkejì. Bí ẹ bá kan án ní ìdá mẹ́fà, tiyín á jẹ́ mítà 1.79, ìbú apá náà, láti etí iwájú dé etí ẹ̀yìn, á sì jẹ́ mìlímítà 267. Ẹ fi 267 yẹn sọ́kàn, a ó máa padà bá a.

Ẹ̀gbọ́n, dígírì wo gan-an lẹ máa ń sọ? Ti apá ni àbí ti ẹ́ńjìnnì?

Ti mẹ́ta ni: apá, ìrù, ẹ́ńjìnnì. Ẹ wo bàálù yín láti ẹ̀gbẹ́. Ẹ fojú inú fa ìlà kan láti ṣóńṣó etí iwájú apá dé etí ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ fa òmíràn gba àárín ìrù tó nà gbalaja. Ẹ fa ìkẹta gba àárín ọ̀pá ẹ́ńjìnnì jáde níwájú. Ibi tí ìlà mẹ́ta yìí kọjú sí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà.

Nínú àwòrán tí a fi ń kan bàálù, ẹ máa rí ìlà kan tó la ara bàálù já láti imú dé ìdí. Àwa la ń lo ìyẹn láti fi wọn nǹkan, afẹ́fẹ́ ò mọ̀ ọ́n rárá. Ìyàtọ̀ àárín apá àti ìrù ni afẹ́fẹ́ mọ̀. Bí apá bá wà ní dígírì 2 tí ìrù wà ní òdo, ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 2. Bí apá bá wà ní òdo, tí etí iwájú ìrù sì tẹ̀ wálẹ̀ ní dígírì 2, ìyàtọ̀ wọn ṣì jẹ́ 2 náà ni, apá àti ìrù ò sì ní mọ̀ pé nǹkan kan yí padà. Ara bàálù nìkan ló máa gbé imú sókè díẹ̀ bó ṣe ń lọ, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ joyè. Ẹni tó fẹ́ kí bàálù òun jọ ti gidi lójú òfurufú ò ní fẹ́ràn ìyẹn.

Kí ló dé tí wọn ò kàn fi apá àti ìrù sí òdo?

Àwọn kan ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bàálù eré, èyí tó ń tàkìtì lókè, sábà máa ń wà ní òdo tàbí ìdajì dígírì, torí ẹni tó ń darí rẹ̀ fẹ́ kó máa gbọ́ràn bákan náà bó bá dojú délẹ̀. Cub ò sí nínú ẹgbẹ́ yẹn. A fẹ́ kí Cub máa tún ara rẹ̀ ṣe.

Bó ṣe ń ṣe é nìyí. Ibi tí ìwọ̀n bàálù gúnlẹ̀ sí máa ń ṣíwájú ibi tí apá ti ń gbé e, ìdí nìyẹn tí imú fi fẹ́ máa lọ sílẹ̀ nígbà gbogbo. Ìrù ló ń tẹ ìdí mọ́lẹ̀ díẹ̀ kí imú má bàa lọ. Bí eré bá pọ̀ sí i, ìrù á tẹ ìdí sí i, imú á gbéra, eré á dínkù. Bí eré bá dínkù, ìrù á dẹwọ́, imú á sọ̀ kalẹ̀, eré á padà wá. Gbogbo èyí ń ṣẹlẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan rìmóòtù. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Alphonse Pénaud, ti fi hàn ní ọgbà Tuileries ní Paris lọ́dún 1871. Bàálù kékeré rẹ̀, tí rọ́bà lílọ́ ń yí fáànù rẹ̀, tó sì fi ìrù sí dígírì tó rẹlẹ̀ ju ti apá lọ, fò fún ìṣẹ́jú àáyá 11 láìsí ẹni tó ń darí rẹ̀.

Ó dáa. Iye wo ni kí n fi bẹ̀rẹ̀?

Fún Cub ìdá mẹ́fà, èmi máa ń fi apá sí 2, ìrù sí òdo, ẹ́ńjìnnì á wo ilẹ̀ ní 3, á sì wo ọ̀tún ní 2. Fún bàálù tí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ máa fi kọ́ fífò, tí apá rẹ̀ wà lókè, apá lè tó 3. Fún bàálù eré, ẹ́ńjìnnì lè máà wo ilẹ̀ rárá tàbí kó wò ó ní 1, ṣùgbọ́n ó ṣì máa wo ọ̀tún ní bíi 2. Kì í ṣe òfin Mósè, ibi tí mo ti ń bẹ̀rẹ̀ ni.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan dígírì kankan, ẹ kọ́kọ́ wo ìwọ̀n. Ẹ fi ìka méjì gbé bàálù lábẹ́ apá, pẹ̀lú bátìrì nínú. Ibi tó ti dúró láìtẹ̀ síwájú tàbí sẹ́yìn yẹ kó wà láàárín ìdá 25 sí 33 nínú ọgọ́rùn-ún ìbú apá. Lórí 267 wa, mìlímítà 75 sí 80 láti etí iwájú dára fún ìgbà àkọ́kọ́. Bí ibẹ̀ ò bá tọ́, asán ni gbogbo ìyókù tí ẹ bá ń wọ̀n.

Mi ò ní owó ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn dígírì. Báwo ni mo ṣe máa ṣe é?

Rúlà, tábìlì tó tẹ́jú, ìwé díẹ̀, òwú. Ẹ kọ́kọ́ fi lẹ́fẹ̀lì bíríkìlà wo tábìlì náà. Tèmi ń dà sí òsì, páálí ni mo ká bọ abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kan.

Ẹ gbé bàálù lé e. Ẹ máa ki ìwé bọ abẹ́ ìdí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan títí etí iwájú ìrù àti ibi tí elevator (etí ẹ̀yìn ìrù tó ń gbé imú sókè tàbí wálẹ̀) ti so mọ́ ìrù á fi ga bákan náà sí orí tábìlì. Òdo yín nìyẹn. Ẹ má sún un mọ́, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé sáré kọjá lẹ́bàá tábìlì. Ẹ wá wọn gíga ṣóńṣó etí iwájú apá, níbi tó ti sún mọ́ ara bàálù, kí ẹ wọn ti etí ẹ̀yìn náà. Ká ní iwájú jẹ́ mìlímítà 214, ẹ̀yìn jẹ́ 205. Ìyàtọ̀ jẹ́ 9. Ẹ fi 267 pín 9, kí ẹ sọ èsì rẹ̀ di ìlọ́po 57.3, ẹ máa rí dígírì 1.9. Ó ti tó.

Ẹni tí ìṣirò ń sú lè há èyí sórí: dígírì kan lórí ìbú 267 jẹ́ mìlímítà 4.7, lórí ìbú 200 ó jẹ́ 3.5, lórí ìbú 300 ó jẹ́ 5.2.

Ẹ wá wọn apá kejì. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń káwọ́ kúrò. Bí apá ọ̀tún bá wà ní 2 tí ti òsì wà ní 3, ti òsì á máa gbé ju èkejì rẹ̀ lọ, bàálù á sì máa dà sí ọ̀tún ní gbogbo ìgbà. Ẹ ó máa bá ẹ́ńjìnnì jà, ẹ ó máa bá aileron (etí ẹ̀yìn apá tó ń yí bàálù sí ẹ̀gbẹ́) jà, bẹ́ẹ̀ mìlímítà 5 péré ló fa gbogbo wàhálà. Iṣẹ́ òwú nìyí: ẹ so ó mọ́ àárín ìdí bàálù, ẹ nà án dé ṣóńṣó apá kan, ẹ fi bírò sàmì sí i, ẹ gbé e dé èkejì. Bí àmì náà ò bá bọ́ síbì kan náà, apá yín ò jókòó gún.

Fóònù tó ní áàpù tó ń wọn dígírì náà wúlò, bí ẹ bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ rúlà gígùn kan tó kan etí méjèèjì. Ìṣòro tèmi ni pé odindi nọ́ńbà ló máa ń fi hàn mí, ìdajì dígírì sì tó láti yí ìwà Cub padà.

Abẹ́ apá Cub tẹ́jú. Ṣé mi ò lè kàn gbé lẹ́fẹ̀lì lé abẹ́ rẹ̀ kí n kà á?

Ohun tó pa Cub mi àkọ́kọ́ nìyẹn. Àwòrán tí mo rà ní “apá, 2.” Mo dojú bàálù délẹ̀, mo gbé lẹ́fẹ̀lì lé abẹ́ apá, mo fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ há a títí ó fi kà 2. Inú mi dùn. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé ìlà abẹ́ apá àti ìlà tó ti ṣóńṣó iwájú lọ sí etí ẹ̀yìn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹ wo apá tí wọ́n ń pè ní Clark Y, tí abẹ́ rẹ̀ tẹ́jú, tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń kan Cub. Ṣóńṣó iwájú rẹ̀ ga ju abẹ́ lọ ní ìdá 3.5 nínú ọgọ́rùn-ún ìbú rẹ̀. Lórí 267, mìlímítà 9 lé díẹ̀ ni, dígírì 2 gééré. Ìyẹn ni pé bí abẹ́ bá wà ní òdo, apá ti wà ní 2 tẹ́lẹ̀. Èmi ti gbé e dé 4.

Mo fún un níná tán, ìyẹn gbogbo agbára ẹ́ńjìnnì, ó fò gòkè bí káìtì tí okùn rẹ̀ já. Mo tẹ imú rẹ̀ wálẹ̀, ó sáré, eré yẹn tún gbé e lọ. Mo pa iná lójijì. Ó dúró lókè bí ẹni tó gbàgbé ohun tó fẹ́ sọ, apá òsì yẹ̀, ó sì forí sọ oko gbágùúdá tó wà lẹ́bàá pápá. Inú ebè ni mo ti yọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀, yẹ̀pẹ̀ kún inú wáyà.

Ẹ bi ẹni tó ta àwòrán fún yín léèrè ìlà tó fi wọn apá rẹ̀. Bí kò bá mọ̀, ẹ wọ̀n ọ́n láti ṣóńṣó etí iwájú dé etí ẹ̀yìn bí mo ṣe júwe rẹ̀ lókè, kí ẹ fi abẹ́ sílẹ̀.

Kí ló dé tí ẹ́ńjìnnì fi ní láti wo ilẹ̀? Ṣé kò ní fa bàálù lulẹ̀ ni?

Kò ní fà á lulẹ̀. Apá Cub wà lókè, ẹ́ńjìnnì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ń fa apá sẹ́yìn látòkè, ẹ́ńjìnnì ń fa imú síwájú látìsàlẹ̀, bàálù á fẹ́ gbé imú sókè. Ẹ tún fi eré kún un, nítorí bí iná bá pọ̀, eré á pọ̀, apá á gbé sí i. Dígírì 2 tàbí 3 tí ẹ́ńjìnnì fi tẹrí ba ló ń pẹ̀tù sí gbogbo rẹ̀, kí ẹ lè mú iná lọ sókè tàbí wálẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ ń fi àtàǹpàkò bá elevator wọ̀yá ìjà.

Ti ọ̀tún ńkọ́? Ẹ dúró sẹ́yìn bàálù. Fáànù iwájú ń yí bí aago ṣe ń yí. Afẹ́fẹ́ tó ń tú sẹ́yìn á máa lọ́ yí ara bàálù ká, á wá gbá ìrù tó dúró lóòró láti òsì. Ìdí á sún sí ọ̀tún, imú á lọ sí òsì. Bí fáànù ṣe ń yí sí ọ̀tún, ara bàálù náà fẹ́ yí sí òsì, bí ẹni tó gbá ọkọ̀ ojú omi sẹ́yìn bó ṣe fò kúrò nínú rẹ̀. Bí imú bá tún wà lókè, bí ìgbà tí Cub ń gbéra, ewé fáànù tó ń wá sílẹ̀ lápá ọ̀tún á gé afẹ́fẹ́ jinlẹ̀ ju èkejì lọ. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń darí sí òsì. Bí fáànù yín bá ń yí lódìkejì, ẹ yí ohun tí mo sọ padà, kí ẹ́ńjìnnì wo òsì.

Wọ́ṣà mélòó ni mo máa fi há ẹ́ńjìnnì kó lè wo ilẹ̀ àti ọ̀tún?

Ẹ wọn àyè tó wà láàárín bóòtì ẹ́ńjìnnì yín. Ká ní ó jẹ́ mìlímítà 50, tí bóòtì mẹ́rin sì wà ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wọ́ṣà M3 (ti bóòtì mìlímítà 3) tó wọ́pọ̀ nípọn ní ìdajì mìlímítà. Kí ẹ́ńjìnnì wo ilẹ̀ ní dígírì 3, àwọn bóòtì òkè nílò bíi mìlímítà 2.6, ìyẹn wọ́ṣà 5. Kó wo ọ̀tún ní 2, àwọn tòsì nílò bíi 1.75, ẹ fi wọ́ṣà 3 sí i ná. Láti ẹ̀yìn bàálù, bóòtì òkè lósì á gba 8, òkè lọ́tùn-ún 5, ìsàlẹ̀ lósì 3, ìsàlẹ̀ lọ́tùn-ún á wà lásán. Òsì ni à ń há kí imú lè wo ọ̀tún o. Mo ti rí ẹni tó há ọ̀tún, tó wá ń bú fáànù.

Ohun kan tún wà tó ń bí àwọn tó fẹ́ràn ẹwà nínú. Bí ẹ bá yí ẹ́ńjìnnì, orí fáànù ò ní bọ́ sí àárín ihò imú mọ́. Bí fáànù bá jìnnà sí pátákó tí ẹ so ẹ́ńjìnnì mọ́ ní mìlímítà 90, dígírì 2 á gbé e sí ọ̀tún ní mìlímítà 3, dígírì 3 á gbé e wálẹ̀ ní bíi 5. Kí ẹ tó lu ohunkóhun, ẹ sún àmì ihò bóòtì sí òsì ní 3, kí ẹ gbé e sókè ní 5. Orí fáànù á bọ́ sí àárín wẹ́kú.

Ṣé mo lè gbé dígírì bàálù gidi bó ṣe wà?

Ti apá àti ìrù, ẹ lè fi wọ́n ṣe atọ́nà. Ti ẹ́ńjìnnì, rárá. Bàálù lẹ pín sí mẹ́fà, ẹ ò pín afẹ́fẹ́ sí mẹ́fà.

Cessna 172, bàálù kékeré ẹlẹ́ńjìnnì kan, ní dígírì 1.5 níbi tí apá ti so mọ́ ara, ó sì tẹ̀ wálẹ̀ dé 1.5 sísàlẹ̀ òdo ní ṣóńṣó. Spitfire, bàálù ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ ní 2, ó parí sí ìdajì sísàlẹ̀ òdo. Hellcat, bàálù ogun ojú omi Amẹ́ríkà tó kọ́kọ́ fò lọ́dún 1942, fi ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wo ilẹ̀ ní 3. Àwọn ará Ítálì tó ṣe bàálù ogun Macchi C.202 ò tiẹ̀ dúró lórí dígírì. Wọ́n fi bíi sẹ̀ǹtímítà 20 ṣe apá òsì gùn ju ti ọ̀tún lọ, kó lè gbé òsì dúró bí fáànù bá fẹ́ yí i. Ẹ wo Spitfire náà síwájú sí i. Àwọn tó gba ẹ́ńjìnnì Merlin ń yà sí òsì, àwọn tó gba Griffon lẹ́yìn náà ń yà sí ọ̀tún, torí ẹ́ńjìnnì náà ń yí lódìkejì. Bí ẹ bá wá kan Spitfire onígriffon, tí ẹ́ńjìnnì oníná yín sì ń yí bí aago, ẹ́ńjìnnì tiyín lẹ máa tẹ̀ lé, ẹ jẹ́ kó wo ọ̀tún.

Kí ni ti ṣóńṣó tó tẹ̀ wálẹ̀ yẹn?

Kí ibi tí apá ti so mọ́ ara lè kọ́kọ́ pàdánù afẹ́fẹ́ kí ṣóńṣó tó pàdánù tirẹ̀, kí aileron ṣì gbọ́ràn. Dígírì 1.5 tó fún Cub. Nígbà tí gọ́ọ̀mù apá bá ń gbẹ, ẹ ki igi onímìlímítà 7 bọ abẹ́ etí ẹ̀yìn lápá ṣóńṣó. Fún Spitfire, ẹ má fi ìyẹn ṣeré rárá.

Mo ti fò ó. Báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tí kò tọ́?

Ẹ gbé e ga, kí ẹ kọ́kọ́ mú un dúró gbọọrọ ní ìdajì iná. Ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ wo elevator láì fọwọ́ kan rìmóòtù. Bí ó bá tẹ̀ wálẹ̀ gidi, tí ìwọ̀n sì tọ́, ìyàtọ̀ apá àti ìrù ti pọ̀ jù. Ẹ gbé etí ẹ̀yìn apá sókè díẹ̀, mìlímítà 2 ná. Bí ó bá gbé sókè, ẹ ṣe ìdàkejì rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ́ńjìnnì kàn. Ẹ jẹ́ kó máa lọ kúrò lọ́dọ̀ yín, kó dojú kọ atẹ́gùn, ní ìdajì iná. Ẹ fún un níná tán lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ mú ọwọ́ kúrò. Bí imú bá fò sókè, ẹ́ńjìnnì fẹ́ wo ilẹ̀ sí i. Bí ó bá yà sí òsì, ó fẹ́ wo ọ̀tún sí i. Ẹ pa iná báyìí. Bí imú bá rọra sọ̀ kalẹ̀ kó lè máa sáré lọ, ó tọ́. Bí imú bá kọ́kọ́ gbéra nígbà tí ẹ pa iná, ẹ́ńjìnnì ti ń wo ilẹ̀ jù.

Ìdánwò ìkẹta ni kí ẹ dojú rẹ̀ wálẹ̀ ní bíi dígírì 30, láti òkè dáadáa, kí ẹ jọ̀wọ́ ọ̀pá rìmóòtù. Bí ó bá rọra gbéra fúnra rẹ̀, a dúpẹ́. Bí ó bá já sókè wìì, ìwọ̀n ti ṣíwájú jù, ìyàtọ̀ dígírì sì ti pọ̀. Bí ó bá túbọ̀ ń jinlẹ̀ lọ, ẹ gbé e jáde kíákíá, kí ẹ sún bátìrì síwájú kí ẹ tó tún fò.

Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ yí padà láàárín fífò méjì. Bí ẹ bá fi wọ́ṣà sí i, tí ẹ tún sún bátìrì, tí bàálù wá dára, ẹ ò ní mọ èyí tó tún un ṣe.

Ṣé gyro, ẹ̀rọ kékeré tó ń mú bàálù dúró fúnra rẹ̀, kò ní bá mi yanjú gbogbo èyí?

Á bo ó mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń fi elevator àti rudder (etí ẹ̀yìn ìrù tó dúró lóòró) bá àṣìṣe yín jà láìdákẹ́. Lọ́jọ́ tí atẹ́gùn bá le, kò ní àyè kankan mọ́ tó máa fi gbà yín. Ẹ tún dígírì ṣe kí ẹ tó tan án.

Ó fò dáadáa lóṣù tó kọjá, ó wá ń dà sí ẹ̀gbẹ́ báyìí. Mi ò sì fọwọ́ kàn án.

Oòrùn ti fọwọ́ kàn án. Apá onífóòmù tí ẹ fi sínú búùtù ọkọ̀ lọ́sàn-án ganjan á lọ́. Ti igi balsa tí wọ́n fi ọ̀rá bò náà ń lọ́, ṣùgbọ́n ẹ lè fọwọ́ yí i padà díẹ̀díẹ̀ kí ẹ máa fi áyọ́ọ̀nù kọjá lórí ọ̀rá náà, kí ẹ dì í mú títí á fi tutù. Ẹ tún wọn ọ̀tún àti òsì. Tèmi lọ́ ní dígírì 1 ààbọ̀ nígbà tí mo lọ síbi ìsìnkú kan, tí mo gbàgbé rẹ̀ sínú ọkọ̀.

Ó ti ń fò bí mo ṣe fẹ́. Ṣé kí n fi àwọn wọ́ṣà yẹn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀?

Wọ́ṣà 8 lórí bóòtì kan á máa gbọ̀n. Ẹ gé pílíwúùdù bí èèkàn tó nípọn lókè tó fẹ́lẹ́ nísàlẹ̀, ní iye kan náà, kí ẹ fi rọ́pò wọn. Ẹ fi máákà kọ gbogbo nọ́ńbà yín sínú ọmọrí ibi tí bátìrì wà: apá, ìrù, ilẹ̀, ọ̀tún, ibi tí ìwọ̀n wà, àti ìwọ̀n fáànù tí ẹ lò. Lọ́jọ́ tí ẹ bá pààrọ̀ fáànù sí èyí tó tóbi jù, ti ọ̀tún yẹn á fẹ́ kí ẹ tún un wò.